Apẹ̀rẹ̀ Skimmer Kì í Ṣe Ọ̀kan Náà: Ẹ Ní Kí Oníbàárà Mú Ti Àtijọ́ Wá

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ata àti gàrí lè máa wí pé kí ló kàn yín nínú ọ̀rọ̀ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí a kọ gàdàgbà sínú ìwé wa lóṣù yìí. Ẹ ní sùúrù. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ta ọjà plọ́ńbà ni lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹgbẹ́, ó sì kù díẹ̀ kó mú owó ẹgbẹ́ lọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ń ta páìpù, tápù àti àwọn nǹkan kéékèèké tí plọ́ńbà ń lò. Nígbà tí hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé àríyá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ládùúgbò wa, tí púpọ̀ nínú wọn sì gbẹ́ púùlù, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọjà púùlù mọ́ tirẹ̀ láti Odúnadé ní Orílé, l'Ékòó: apẹ̀rẹ̀, ìdérí, rọ́bà, kúlórìn. Ọjà náà ń tà. Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tọ́jú púùlù ní hòtẹ́ẹ̀lì kan wọlé wá. Ó ní, “Màmá, ẹ kú ọjà. Ẹ bá mi mú apẹ̀rẹ̀ skimmer kan.” Ìyá ní, “Irú wo ni, ọmọ mi?” Ó ní, “Èyí tó funfun yẹn náà ni.” Wọ́n dúnàá-dúrà, ó sanwó, ó lọ. Kò mú ti àtijọ́ dání, ìyá náà kò sì bèèrè rẹ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí máníjà hòtẹ́ẹ̀lì fi pe ìyá lórí fóònù. Pọ́ǹpù wọn ti bàjẹ́, plọ́ńbà wọn ní apẹ̀rẹ̀ tí ìyá tà ló fà á, kí ìyá wá ra pọ́ǹpù tuntun. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ iye tí wọ́n ń ta pọ́ǹpù púùlù lóde òní, ẹ mọ̀ pé èrè oṣù mélòó kan lè má tó o. Ìyá sáré wá bá akọ̀wé pẹ̀lú omijé lójú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìyálọ́jà, akọ̀wé, àwa tí à ń kọ ìwé yìí, àti plọ́ńbà àgbà kan tí ẹgbẹ́ máa ń lò, gbogbo wa bọ́ sọ́nà.

Ká má parọ́, àwa fúnra wa kò mọ ohun tí skimmer ń ṣe títí di ọjọ́ yẹn. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù, à ń tà á, ó parí. Ìgbà tí plọ́ńbà wa kúnlẹ̀ sétí omi tó sì ṣí i ni ojú wa tó là.

Ihò onígun mẹ́rin kan wà lára ògiri púùlù, níbi tí ojú omi dé. Ẹnu skimmer nìyẹn. Lẹ́yìn ihò náà ni ìkòkò rọ́bà kan wà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ wà nínú ìkòkò yẹn, ìdérí sì bò ó lókè, ìdérí tí ẹsẹ̀ ènìyàn ń tẹ̀ bó bá ń rìn létí omi. Páìpù tó wà nísàlẹ̀ ìkòkò ló lọ bá pọ́ǹpù. Bí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́, á máa fa omi ojú púùlù gba ẹnu ihò yẹn, ewé, kòkòrò, irun àti òróró ìpara á sì bá a wọlé. Apẹ̀rẹ̀ á gba ewé dúró, omi á lọ sínú asẹ́ ńlá, á tún padà sínú púùlù. Ìdí tí wọ́n fi ń mú ìdọ̀tí lójú omi ni pé ewé kì í rì lójú ẹsẹ̀. Bí wọn kò bá gbé e nígbà tó ṣì léfòó, á di ìsàlẹ̀ púùlù, ẹni tó máa wá kó o á làágùn.

Ní ẹnu ihò náà, ilẹ̀kùn kékeré kan máa ń wà tó ń mì síwá sẹ́yìn. Weir ni òyìnbó ń pè é. Fóòmù wà lára rẹ̀ tó ń jẹ́ kó léfòó. Bí pọ́ǹpù bá ń fà, ilẹ̀kùn yìí á tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, kìkì omi tó wà lójú pátápátá ni yóò máa ṣàn kọjá lórí rẹ̀, á sì yára. Bí wọ́n bá pa pọ́ǹpù, ilẹ̀kùn á dìde, á sé ẹnu ihò, ìdọ̀tí tó ti wọlé kò ní lè padà jáde. Ti hòtẹ́ẹ̀lì yẹn kò sí níbẹ̀ rárá. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ó ti já láti ọdún tó kọjá, òun rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Plọ́ńbà wa wá mú apẹ̀rẹ̀ tí ìyá tà, ó gbé e sínú ìkòkò. Ó wọlé wẹ́rẹ́, kò há. Lójú tiwa, kò sí ohun tó ṣe é. Àmọ́ nígbà tó fi ìka ra etí rẹ̀ yípo, ó pè wá pé ká wá wò ó. Àlàfo wà láàárín etí apẹ̀rẹ̀ àti ibi tó yẹ kó jókòó lé, ó fẹ̀ tó ìka kékeré. Ibẹ̀ ni ewé ń gbà kọjá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí wọ́n bá pa pọ́ǹpù, apẹ̀rẹ̀ á léfòó, á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ni ọmọkùnrin náà bá ju òkúta sí i kó lè wà nílẹ̀. Òkúta kò burú o. Àwọn tó mọṣẹ́ ń ṣe é. Àwọn mìíràn máa ń gbé ìgò rọ́bà tí wọ́n rọ omi sí dé àbọ̀ dúró sáàárín apẹ̀rẹ̀, kí omi lè rí ibi gbà bí ewé bá tilẹ̀ kún un. Ṣùgbọ́n òkúta kò lè dí àlàfo etí.

Títí dé ibẹ̀, ojú ń tì wá. Ìyálọ́jà kò sọ̀rọ̀. Àfi ìgbà tí plọ́ńbà wa ní kí wọ́n ṣí pọ́ǹpù fún òun. Pọ́ǹpù púùlù ní apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ níwájú, tó wà fún ewé tó bá bọ́ lọ́wọ́ skimmer. A yọjú wò ó: kò sí apẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ó ti fọ́, wọ́n ti sọ ọ́ nù, wọn kò ra òmíràn. Ewé kọjá tààrà lọ dí àjẹ̀ kékeré tó ń yí nínú pọ́ǹpù. Plọ́ńbà tún ní ká wo ojú omi. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ẹnu skimmer. Ó yẹ kí omi púùlù wà ní nǹkan bí ìdajì ẹnu skimmer nígbà gbogbo. Bó bá ga jù, ilẹ̀kùn kò ní lè ṣiṣẹ́, ewé á kàn máa yí kiri lójú omi. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ ni pọ́ǹpù yóò máa fà. Omi tó ń kọjá nínú pọ́ǹpù ló ń mú síìlì rẹ̀ tutù. Bí omi kò bá sí, síìlì á gbóná, á bàjẹ́, omi á sì máa jò síbi mọ́tò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Mọ́tò kò jóná, síìlì ló lọ.

Ìgbà yẹn ni Ìyálọ́jà tó la ẹnu. Ó ní, “Máníjà, ẹ má bínú o. A gbà pé apẹ̀rẹ̀ tiwa kéré. Ẹ̀yin náà, ẹ bá wa gbà pé pọ́ǹpù yín kò ní apẹ̀rẹ̀, omi yín sì ti gbẹ. Ọmọ wa á dá owó yín padà, á sì mú èyí tó bá a mu wá. Síìlì, ẹ̀yin lẹ máa rà á.” Ọkùnrin náà kọ́kọ́ bú gbàù. Nígbà tó yá, ó wo plọ́ńbà tirẹ̀, plọ́ńbà náà wolẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ ti pọ́ǹpù, ọ̀dọ̀ ìyá yìí kan náà ni wọ́n ti wá rà á lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì mú ìwọ̀n rẹ̀ dání.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe pọ́ǹpù ló jẹ́ ká pinnu láti kọ èyí. Bí a ṣe ń padà bọ̀ létí omi, Ìyálọ́jà tẹ ìdérí skimmer kejì, a gbọ́ kẹ̀ẹ́. Akọ̀wé dì í mú. A wo ìdérí náà, ó ti sán láti etí dé etí, ó kàn ń bo ihò ni. Lọ́jọ́ Àìkú, ibẹ̀ yẹn ni àwọn ọmọdé ti ń sáré kiri pẹ̀lú ẹsẹ̀ tútù. Ẹsẹ̀ ọmọ tó bá wọ ibẹ̀, rọ́bà tó fọ́ á ya á láti kókósẹ̀ dé orúnkún, egungun rẹ̀ sì lè dá. Nígbà tí a bèèrè ìdí tí wọn kò fi pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n ní àwọn ti wá a dé ọjà wa, wọ́n ní kò sí, ẹnì kan sì ní kí àwọn fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ọ̀kan nínú wa.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ o: a kì í fi gọ́ọ̀mù lẹ ìdérí skimmer. A kì í fi pákó bò ó, a kì í fi táìlì bò ó. Oòrùn àti kúlórìn ni ọ̀tá rọ́bà, bí wọ́n bá ti bá a jà fún ọdún mélòó kan, kò sí gọ́ọ̀mù tó lè dá agbára rẹ̀ padà. Ẹ̀yin náà lè dá èyí tó ti gbó mọ̀. Bí ẹ bá fi ọwọ́ nù ún, lẹ́búlẹ́bú funfun á bá ọwọ́ yín, tàbí kó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tàbí kí ẹ rí ìlà tín-ín-rín bí irun níbi ihò skúrù. Èyí náà ló jẹ́ ká sọ pé ẹ má ṣe ra ìdérí àti apẹ̀rẹ̀ tòkunbọ̀. Pọ́ǹpù tòkunbọ̀, bóyá. Ọwọ́ yín ló wà. Rọ́bà tó ti sá sóòrùn nílẹ̀ ẹlòmíràn, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?

Bí wọ́n bá wá ra ìdérí, ẹ bi wọ́n léèrè bóyá òrùka tó jókòó lé ṣì dára. Òrùka yẹn máa ń fọ́, ìdérí tuntun kò sì ní dúró lórí òrùka tó ti fọ́. Ẹ tún bèèrè bóyá ó ní ihò skúrù méjì. Bó bá ní, kí wọ́n ra skúrù tí kì í dípẹtà mọ́ ọn, kí wọ́n sì dè é, torí ìdérí tí kò ní skúrù, ọmọdé lè fi ọwọ́ ṣí i. Bí pọ́ǹpù bá ń fà tí ọmọ sì ti ọwọ́ bọ páìpù, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti eré.

Fífà yìí kì í ṣe nǹkan kékeré. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 7 kan, Virginia Graeme Baker, kú ní 2002 nígbà tí ihò ìfàmi kan fà á mọ́ ìsàlẹ̀ agbada ìwẹ̀ olómi gbígbóná. Ọmọ-ọmọ James Baker tó ti jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún wọn ni. Ìyá ọmọ náà kò dákẹ́, ó bá wọn fà á títí wọ́n fi ṣe òfin ní 2007, wọ́n sì fi orúkọ ọmọ náà pè é. Láti ìparí 2008, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ta ìdérí ihò ìfàmi tí kò bá òfin yẹn mu níbẹ̀. Ó kàn wá, torí àwọn skimmer kan ní páìpù kejì tó lọ sí ihò kékeré kan lára ògiri lábẹ́ omi, kí pọ́ǹpù má baà fa afẹ́fẹ́ bí omi bá dínkù. Ihò yẹn náà ń fa ènìyàn, ó sì gbọ́dọ̀ ní ìdérí alásẹ́ tirẹ̀. Bí ẹ bá rí lẹ́tà VGB lára irú ìdérí bẹ́ẹ̀, òfin yẹn ni wọ́n ń sọ. Ẹ yí i padà kí ẹ wò ó dáadáa, wọ́n máa ń tẹ iye ọdún tó yẹ kí wọ́n lò ó kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀ sí i lára.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìwọ̀n, torí ibẹ̀ ni owó ti ń sọnù. Apẹ̀rẹ̀ skimmer méjì lè jọra bí ìbejì kí wọ́n má bá ìkòkò kan náà mu. Ẹ fi tépù wọn ẹnu rẹ̀ láti etí dé etí, kí ẹ ka ìgbátí rẹ̀ mọ́ ọn. Kí ẹ tún wọn abẹ́ ìgbátí yẹn lọ́tọ̀, torí ibẹ̀ ló ń wọ inú ìkòkò. Ẹ wọn ìsàlẹ̀, kí ẹ wọn gíga. Ẹ wò ó bóyá ó ní ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbé e, tàbí eyín kéékèèké tí wọ́n fi ń yí i tí á fi há. Lẹ́yìn náà, ẹ dojú rẹ̀ dé. Nọ́mbà sábà máa ń wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ti Hayward ti Amẹ́ríkà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SP tàbí SPX. Ti AstralPool ti Spéènì ní nọ́mbà tirẹ̀, ti Emaux tó ń ti Ṣáínà wá náà sì ní tirẹ̀. Ẹ kọ nọ́mbà náà sínú ìwé. Bí oníbàárà bá ní òun gbàgbé ti àtijọ́ sílé, ẹ ní kó padà lọ mú un wá. Yóò bínú. Ẹ jẹ́ kó bínú.

Àwọn tó ń ta páìpù mọ́ ọn, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Èyí tí à ń pè ní páìpù íǹṣì kan àbọ̀ ti Amẹ́ríkà, bí ẹ bá wọn ìta rẹ̀, mìlímítà 48 lé díẹ̀ ni. Ti Yúróòpù tó jọ ọ́ jẹ́ mìlímítà 50 géérégé. Íǹṣì méjì ti Amẹ́ríkà jẹ́ mìlímítà 60 lé díẹ̀, ti Yúróòpù jẹ́ 63. Lójú, ọ̀kan náà ni. Bí plọ́ńbà bá wá fi gọ́ọ̀mù kún àlàfo yẹn, á gbà á fún oṣù díẹ̀, lẹ́yìn náà pọ́ǹpù á bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́, wọ́n á fọ́ kọnkéré, wọ́n á sì rántí ẹni tó ta páìpù. Ẹ máa bèèrè ibi tí skimmer náà ti wá kí ẹ tó ta ohun tí wọ́n máa so mọ́ ọn.

Ilẹ̀kùn ẹnu skimmer kò wọ́n, ó sì rọrùn láti fi síbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ní pín-ìnnì kan tó ní sípíríǹgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, wọ́n á ki í bọ ihò rẹ̀, ó tán. Kí wọ́n wọn ìbú ẹnu náà kí wọ́n tó wá. Ní ti rọ́bà róbótó ìdérí pọ́ǹpù, gírísì sílíkónì ni kí ẹ tà mọ́ ọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi Vaseline pa á, ó ń ba irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ jẹ́.

Kúlórìn ló kù, èyí sì kan gbogbo ọjà, ẹni tó ń ta ata náà wà níbẹ̀. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀: èyí tó jẹ́ hóró tàbí lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n kọ 65 tàbí 70 sára garawa rẹ̀, calcium hypochlorite ni, àti èyí tó dà bí ọṣẹ róbótó, tí wọ́n ń pè ní trichlor. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn méjèèjì pàdé. Ẹ má fi ìgò kan náà bù wọ́n, ẹ má fi ṣíbí kan náà kó wọn. Bí wọ́n bá dàpọ̀, wọ́n lè gbiná, wọ́n lè bú gbàmù, pàápàá bí omi díẹ̀ bá kán sí wọn. Nínú ọjà tí páálí àti ọ̀rá kún báyìí, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Kí ìkínní wà ní apá kan ṣọ́ọ̀bù, kí èkejì wà ní apá kejì, kí ilẹ̀ gbẹ, kí kẹrosíìnì àti pẹ́ńtì jìnnà sí wọn. Bákan náà, ẹ sọ fún ẹni tó bá rà á pé kó má da lẹ́búlẹ́bú sínú skimmer. Èyí tó dà bí ọṣẹ pàápàá, bí wọ́n bá fi í sínú apẹ̀rẹ̀ skimmer tí wọ́n sì pa pọ́ǹpù, omi inú ìkòkò yẹn á kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, yóò máa jẹ rọ́bà àti irin pọ́ǹpù. Bí ẹnì kan bá sì wá da lẹ́búlẹ́bú lé e lórí nínú apẹ̀rẹ̀ kan náà, iná tí à ń sọ yẹn ló fẹ́ dá sínú skimmer.

Ní ti ìgbà tí ọjà yìí ń tà, plọ́ńbà wa ní ìgbà méjì ni apẹ̀rẹ̀ ń jìyà jù. Àkọ́kọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀ òjò, nígbà tí ikán tó hu ìyẹ́ bá ń fò yí iná hòtẹ́ẹ̀lì ká lóru, tí wọ́n á kún ojú omi kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìkejì ni ìgbà ọyẹ́. Ewé igi furúùtù fẹ̀, ewé mẹ́wàá péré lè dí apẹ̀rẹ̀ kan pa. Nígbà yẹn, ojoojúmọ́ ló yẹ kí wọ́n máa da apẹ̀rẹ̀ nù, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kí wọ́n pa pọ́ǹpù kí wọ́n tó ṣí i. Kí wọ́n má sì gbá apẹ̀rẹ̀ mọ́ ògiri láti gbọn ewé dànù, torí bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ṣe ń fọ́. Kí wọ́n fi omi ṣàn án. Lójú tiwa, ẹni tó bá fẹ́ kó apẹ̀rẹ̀, kó kó o kí ọyẹ́ tó dé, kó má sì kó ìwọ̀n kan ṣoṣo.

Plọ́ńbà àgbà náà ti gbà láti wá sí ìpàdé wa tó ń bọ̀. Yóò kó skimmer kan tí wọ́n hú nílẹ̀ wá, kí gbogbo ẹni tó ń ta ọjà yìí fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u, kó sì tò ó padà. Kí ẹni kọ̀ọ̀kan mú apẹ̀rẹ̀ kan láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dání, pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ìyá tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ti ra tépù kan, ó fi okùn so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní lè lọ yá a, ṣùgbọ́n ó ní ká bá òun sọ fún yín pé ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti wọn ọjà yín, kí ẹ má tú okùn.